Ọkùnrin Tó Ń Kọ́ Wọn Láti Gba Ìgbájú

Ọwọ́ Irin ni wọ́n ń pè é ní ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe àwàdà. Láti ìgbà tí irun ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ ló ti ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀. Á gbá a mọ́ pákó, á tẹ̀ ẹ́, á ká a, á tún gbá a mọ́lẹ̀, títí apá rẹ̀ fi ki bí òpó ilé. Nígbà tó yá wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀, òun náà ni wọ́n ń sá tọ̀. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú ilé á ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ń fi ẹnu parí, ọwọ́ lòun fi ń parí tirẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà èwe ò sì gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé máa ń sọ pé ọjọ́ tí Ọlọ́run ń pín sùúrù, àbúrò òun sùn lọ, ìgbà tó máa fi jí, ìkòkò ti gbẹ.

Ní ìlú tí wọ́n ń gbé, gbogbo nǹkan ló ní ti àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Bẹ́ńṣì ibùdókọ̀, ẹ̀rọ omi ojú títì, àní ilẹ̀ tí wọ́n ń sin òkú sí. Ní ilé ìwòsàn ńlá àárín ìlú, ilẹ̀kùn onígíláàsì ló wà níwájú, gbọ̀ngàn kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí omi, tí àwọn àga onítìmùtìmù tò síbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí o bá dúdú, wàá yí ilé náà po, wàá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sun báńdéèjì ẹlẹ́jẹ̀, wàá sì dé ẹnu ilẹ̀kùn kékeré kan tó ní bẹ́ńṣì pákó níwájú. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo yín lóhùn níbẹ̀. Dókítà á yọjú bó bá ti parí pẹ̀lú àwọn ti iwájú.

Orí bẹ́ńṣì yẹn ni ìyàwó Ọwọ́ Irin kú sí. Oyún ló bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Ọwọ́ Irin gbé e mọ́ àyà, ó ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó bá òun pe dókítà, nọ́ọ̀sì ń sọ pé dókítà ń bọ̀. Dókítà sì dé lóòótọ́. Ìgbà tó dé, kò sí ohun tó kù fún un ju kó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ. Ọwọ́ Irin tẹ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yí sí iwájú ilé ìwòsàn, ó he òkúta tó fẹ́ sọ lu gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá wọn wá ló di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn.

“Bí wọ́n bá yìnbọn pa ọ́ níbí,” obìnrin náà ní, “ta ló máa tọ́ ọmọ ẹ? Ṣé èmi tí orúnkún ń dà láàmú?”

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bọ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n ń wí yìí, obìnrin ni, òun nìkan ló sì bí. Ìyá Kékeré ló ń pè é, torí pé ó jọ ìyá tó bí Ọwọ́ Irin fúnra rẹ̀, àti pé láti kékeré ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ó rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọwọ́ Irin a máa wò ó bó bá ń jẹun, bíi pé ẹnì kan fẹ́ wá gbà á lọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé Pásítọ̀ tuntun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò tíì níyàwó, ohùn rẹ̀ ò sì le. Ohun tó ń wàásù ló le. Ó ní ẹni tó ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀, ọmọ Ọlọ́run lòun náà, ọmọ tó sọnù ni. Bó bá gbá ọ, tí ìwọ náà gbá a padà, ẹ ti di méjì tó sọnù. Ṣùgbọ́n bó bá gbá ọ, tí o wò ó lójú, tí o ò sá, tí o ò sì gbá a, o ti gbé dígí síwájú rẹ̀ nìyẹn, á sì rí ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọwọ́ Irin ní ìwàásù náà dùn, àmọ́ Pásítọ̀ yìí tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, wọn ò ní rí i mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Pásítọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ lọ jókòó sínú gbọ̀ngàn iwájú ilé ìwòsàn. Wọn ò ní pariwo, wọn ò ní gbé nǹkan kan dání. Wọ́n á kàn jókòó bí aláìsàn ṣe ń jókòó, títí wọ́n á fi dá wọn lóhùn.

Ọwọ́ Irin dìde. “Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé ìjókòó ló máa gbà wá?”

“A ò ní dákẹ́, Bàbá. Ibi tí wọ́n ní ká má jókòó sí la fẹ́ jókòó sí. Ìjókòó wa lariwo wa.”

Ó wá sọ pé ẹni tó bá máa lọ gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run pé òun ò ní gbá ẹnikẹ́ni padà, òun ò ní ṣépè fún ẹnikẹ́ni, òun ò sì ní kórìíra ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ Irin ṣì wà lórí ìdúró. Ó ní òun ò lè purọ́ nílé Ọlọ́run: bí wọ́n bá fọwọ́ kan òun, òun á dá a padà, ti ìkórìíra yẹn sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìsìn parí, ó pe Ọwọ́ Irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Bàbá, iṣẹ́ kan wà tí ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ ò lè ṣe. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò mọ ohun tó ń dúró dè wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹnì kan máa bú wọn, kó máa fà wọ́n lulẹ̀, kó máa gbá wọn, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì níbí, kí ara wọn lè mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé. Gbogbo ẹni tí mo ti dán wò, ẹ̀rín ló ń pa wọ́n.”

“Ẹ wá ní kí n wá lu àwọn èèyàn mi?”

“Mo ní kí ẹ wá ràn wọ́n lọ́wọ́.”

Ó gbà. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìdí tó fi gbà. Bóyá torí pé ó fẹ́ ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà, ọwọ́ yìí náà sì ni Ọlọ́run fún un.

Nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n to àga bíi ti ilé ìwòsàn, àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ sì jókòó. Ọwọ́ Irin dúró níwájú wọn. Ó ní, “Ẹ dìde níbẹ̀.” Kò sẹ́ni tó mira. Ó tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń pè é láti kékeré, ẹrú, ọ̀bọ, ẹran ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ń tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wá ìkankan tì. Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe mọ ẹnu rẹ̀ tó. Ó da omi tútù lé olùkọ́ kan lórí. Ó fa akọrin kan lẹ́sẹ̀ títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é, nǹkan kan ń móoru ní àyà rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ìgbádùn ni. Ìgbà tó mọ̀ ọ́n, ó jáwọ́, ó sì jáde. Ó dé ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní ebi ò pa òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ó ń lọ déédéé. Àwọn èèyàn náà ń le sí i. Ẹni tó máa ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Wọ́n ń wò ó lójú bó ti ń bú wọn, òun ló wá ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó wọ gbọ̀ngàn, tó rí Ìyá Kékeré lórí àga.

“Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?”

“Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́, Bàbá.”

Ó yíjú sí Pásítọ̀, ó sì gbàgbé pé àwọn èèyàn wà níbẹ̀. “Pásítọ̀! Ọlọ́run tó ní ká yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ló ń wí. Kò ní kí n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi kalẹ̀ fún wọn.”

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tiyín, Bàbá. Kì í sì í ṣe tèmi. Tirẹ̀ ni.”

“Ẹ ò tíì bímọ rí. Ọ̀rọ̀ yìí á dùn ún sọ fún yín.”

Pásítọ̀ wo ilẹ̀. “Òótọ́ ni,” ló sọ.

Ìyá Kékeré ò kúrò lórí àga. “Bàbá, ẹ wá gbá mi,” ó ní. “Ẹ ti gbá gbogbo wọn. Bí ẹ bá fi mí sílẹ̀, àwọn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbá mi. Tàbí ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?”

Ó súnmọ́ ọn. Kò tíì nà án rí, àní nígbà tó wà lọ́mọdé tó ń ya pòkíì. Ó gbá a, kò sì rọra gbá a, torí ó mọ̀ pé ọmọ náà á mọ̀ bí òun bá tàn án. Orí rẹ̀ yí lọ, ó sì yí padà. Omi bọ́ lójú rẹ̀ kan. Ó sọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa sọ: “Mi ò kórìíra yín.” Ọwọ́ Irin jáde lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Pásítọ̀ ní kí Ọwọ́ Irin má bá àwọn lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá gbọ́wọ́ sókè lè ba gbogbo nǹkan jẹ́, kí àwọn aláwọ̀ funfun lè wí pé oníjàgídíjàgan ni gbogbo wọn. Ọwọ́ Irin ṣèlérí pé òdìkejì ọ̀nà lòun máa dúró. Láti ibi iṣẹ́ ló ti wá, épírọ́ọ̀nù funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà ní apá rẹ̀. Ó rí wọn bí wọ́n ti ń wọlé ní méjì-méjì pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Ó rí wọn láti ara gíláàsì bí wọ́n ti jókòó, bí àwọn aláwọ̀ funfun tó wà nítòsí wọn ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé kan sọ̀rọ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó ṣe, àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ funfun kan wọlé láti ojú títì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn sì tẹ̀lé wọn pẹ̀lú kóńdó.

Ó rí gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe fún wọn. Wọ́n da omi lé wọn lórí. Wọ́n fa akọrin lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́wọ́ sókè. Àfi pé àwọn wọ̀nyí ò mọ ibi tí wọ́n á dúró dé. Ẹ̀ṣọ́ kan fi kóńdó gbá Ìyá Kékeré, ó ṣubú, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ sì lu igun tábìlì òkúta tí akọ̀wé wà nídìí rẹ̀.

Ìlérí tí Ọwọ́ Irin ṣe ò ju òdìkejì ọ̀nà lọ. Ó sáré kọjá, ó sì gba ilẹ̀kùn onígíláàsì wọlé nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ìpànìyàn ni, kò sì purọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, torí ìtòsí ilẹ̀kùn lọmọ náà wà, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní etí rẹ̀ òsì. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé orí rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó fi ìkejì ká épírọ́ọ̀nù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí náà. Kóńdó balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún balẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò ṣí sílẹ̀. Bó bá gbé ọ̀kan kúrò, orí ọmọ á lu ilẹ̀. Bó bá gbé ìkejì, ẹ̀jẹ̀ á dà.

Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ funfun kan dúró lókè wọn. “Gbé e gba ẹ̀yìn,” ó ní. “Wọ́n á tọ́jú ẹ̀ lẹ́yìn. Yára!”

Ìyá Kékeré la ojú. “Bàbá, ẹ má gbé mi gba ẹ̀yìn.”

Ó lè gbé e. Ó ti gbé àpò ìyẹ̀fun tó wúwo jù ú lọ. Ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn náà dáadáa, ó mọ bẹ́ńṣì tó wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé lẹ́yìn yẹn, dókítà lè dé, ó sì lè má dé. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Kò gbàdúrà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán yẹn, ó gbé orí ọmọ náà lé itan.

“Ibí la wà, nọ́ọ̀sì,” ó ní, ohùn rẹ̀ ò sì le. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tọ́jú rẹ̀ níbí.”

Nọ́ọ̀sì náà wo dókítà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà inú. Dókítà yí padà, ó wọlé. Nọ́ọ̀sì lọ. Ó pẹ́ kó tó tún yọ, ó gbé òwú àti báńdéèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọwọ́ Irin, ó sì ń yára lọ bí ẹni tó jalè. Ọwọ́ Irin ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di etí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà làwọn ọlọ́pàá kó gbogbo wọn.

Kí dókítà etí tó rí Ìyá Kékeré, wọ́n ti tú wọn sílẹ̀ ní àtìmọ́lé, etí náà sì ti kú. Ilé búrẹ́dì ní kí Ọwọ́ Irin má wá mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ẹni mímọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Ọwọ́ Irin jẹ kóńdó, kò dá a padà! Ọlọ́run ti fọwọ́ tọ́ ọ! Wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Ó lọ síwájú, ó di pákó ìwàásù mú.

“Ẹ má purọ́ mọ́ mi,” ó ní. “Mi ò dárí ji ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi kún ni. Ká ní ó ṣófo ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Bí wọ́n ṣe ń lù mí ni mo ń kórìíra wọn, mo sì kórìíra wọn di bí mo ti dúró níbí yìí. Ẹ̀rí mi nìyẹn.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ní “Àmín,” láti ẹ̀yìn.

Ohun tí kò sọ níbẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ nínú. Bó bá gbé ọmọ náà gba ẹ̀yìn, ṣé etí náà ì bá yè? Ó gbé e mì títí, lọ́jọ́ kan tí Ìyá Kékeré ń gán aṣọ, ó bi í.

Ọmọ náà ń gán aṣọ lọ. “Mi ò mọ̀,” ló sọ. “Èmi ni mo ní kí ẹ má gbé mi. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń jí, tí inú máa ń bí mi sí yín pé ẹ gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu.” Ó já òwú pẹ̀lú eyín. “Ẹ má bi mí mọ́, Bàbá.”

Kò bi í mọ́.

Ilé ìwòsàn yọ pátákó tó ń darí àwọn aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn. Kò sí ìkéde, kò sí àforíjì. Àwọn èèyàn kàn rí i lọ́jọ́ kan pé ihò ìṣó ló kù lára ògiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú. Pásítọ̀ tún kéde ibòmíràn: yàrá tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Orúkọ Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ wọlé.

Ọwọ́ Irin lọ bá Pásítọ̀ nílé. Ó ní òun fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́.

“Ṣé ẹ ò kórìíra wọn mọ́, Bàbá?”

“Mo kórìíra wọn.”

“Kí lẹ wá fẹ́ fi jẹ́jẹ̀ẹ́?”

“Ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ni mo lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Ti ọkàn, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, torí èmi bẹ̀ ẹ́ títí, kò tíì dáhùn.”

Pásítọ̀ rìn yí yàrá náà ká. Ó ní ẹ̀jẹ́ náà kò ṣeé pín. Bí ọwọ́ bá dákẹ́ tí ọkàn ń pa èèyàn, ọjọ́ kan lọwọ́ á gbọ́ràn sí ọkàn lẹ́nu. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́, Ọwọ́ Irin sì mọ̀ pé kì í ṣe irọ́.

“Ẹ má ka orúkọ mi mọ́ wọn nígbà náà,” ó ní. “Ọmọ mi ò gbọ́ ohun tó bá ń bọ̀ láti apá òsì. Apá ibẹ̀ ni màá jókòó sí.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí yàrá ọkọ̀ ojú irin náà, ó jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí àwọn tó máa ń wá lù wọ́n dé, ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́ tí ojú rẹ̀ pupa, wo bó ti tóbi tó, ó sì yàn án láàyò. Ó gbá a. Ọwọ́ Irin mọ ìgbájú náà látòkè délẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹni tó gbá a. Ìbínú dìde nínú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tó wú. Ó ti àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn yòókù ń sọ pé, “Mi ò kórìíra yín.” Òun ò lè sọ ọ́.

Nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ète rẹ̀ ti wú. Ìyá Kékeré fi gèlè nu ẹ̀jẹ̀ kúrò níbẹ̀.

“Ṣé ìyẹn kà níwájú Ọlọ́run?” ó bi í. “Bí ọkàn ò bá sí níbẹ̀?”

Apá òsì ló wà, ọkọ̀ sì ń pariwo. Ọmọ náà yí etí ọ̀tún sí i. “Kí lẹ wí, Bàbá?”

Ó tún un sọ. Ìyá Kékeré ronú sí i títí wọ́n fi dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀.